Àdúrà Ọjọ́ Mẹ́sàn-án fún Ọwọ́ Òsì Mi

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ọwọ́ méjì. Bí àwọn másọ̀, ìyẹn àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn, ṣe kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ìjọ nìyẹn: kí ènìyàn tó ráhùn, kó kọ́kọ́ dúpẹ́. Mo dúpẹ́ nítorí ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí mo fi darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Atakpamé ní ọdún mọ́kàndínlógún àkọ́kọ́ iṣẹ́ mi. Mo sì dúpẹ́ nítorí ọwọ́ òsì, èyí tí mo fi pamọ́ sẹ́yìn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn bí ẹni tó fi ẹran jíjí pamọ́. Ọlọ́run kì í dá nǹkan lásán. Èyí tí a kò bá rí lò níwájú, a ó gbé e sẹ́yìn.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, láti apá Datcha. Iṣu àti òwú ni bàbá mi ń gbìn, ó sì ti pinnu pé akọ̀wé ni èmi yóò dà, kí òun lè rí ẹni tí yóò máa bá òun ka ìwé tí ìjọba bá fi ránṣẹ́. Másọ̀ kan tó ń tẹ dùùrù ló ba ètò yẹn jẹ́. Ó kíyè sí i pé bí gbogbo kíláàsì bá ń kọrin tí wọ́n sì ń ṣìnà lọ, èmi nìkan ni mo máa ń dúró sójú kan bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó kọ̀ tí kò rìn. Ó pè é ní ẹ̀bùn. Bàbá mi pè é ní agídí. Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́. Ìjọ rán mi lọ sí Lomé, olú-ìlú orílẹ̀-èdè wa, láti kọ́ orin, nígbà tó yá wọ́n tún rán mi lọ sí òkè òkun fún oṣù mẹ́fà, oore wọn yẹn ni mo sì ń jẹ títí di òní.

Òkè òkun ni mo ti kọ́kọ́ rí opẹ́rà. Fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí, eré ni, tí àwọn òṣèré ti ń kọrin dípò kí wọ́n sọ̀rọ̀: ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ yóò kọ́kọ́ kọrin fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó rántí pé ó yẹ kí òun kú. Èmi kò wo ẹni tí ń kú. Kòtò kan wà níwájú orí ìtàgé, àwọn olórin jókòó sínú rẹ̀, ọkùnrin kan sì dúró síwájú wọn pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́. Gbogbo wọn ń wo ọ̀pá yẹn. Kò sẹ́ni tó béèrè ọmọ ta ni. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó ti láya. Ó gbé ọ̀pá sókè, gbogbo ilé dákẹ́. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìjì jà. Ó wù mí débi pé mo ní láti lọ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún fadá ní ọjọ́ Sátidé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ darí kí n tó kú.

Àgbàlagbà tó kọ́ wa níbẹ̀ máa ń sọ pé ọwọ́ ọ̀tún ni aago, ọwọ́ òsì ni ọkàn. Ọ̀tún ni yóò máa ka ìwọ̀n orin. Òsì ni yóò máa pe ẹni tó kàn láti wọlé, òun ni yóò máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dẹ ohùn tàbí kí wọ́n gbé e sókè. Nígbà tó rí i pé òsì mi ya ọ̀lẹ, ó so ọ̀tún mi mọ́ ìgbànú fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òsì nìkan ni kí n máa lò. Kí n tó padà sílé, ọwọ́ òsì mi ti mọ̀wé ju gbogbo ẹ̀yà ara mi yòókù lọ. Ènìyàn rere ni ọkùnrin náà. Ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó sọ ibi tí mo ti wá fún un ni.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí adarí bá kọjú sí akọrin, àga gígùn kan wà ní apá òsì rẹ̀, lábẹ́ fèrèsé. Igi tíìkì ni. Àwọn báàsì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, ni wọ́n ni ín. Àwọn bàbá wọn ló gé igi rẹ̀, tí wọ́n là á, tí wọ́n sì rù ú gun òkè wá nígbà tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í yan ènìyàn sí ẹgbẹ́ báàsì; a máa ń jogún rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń jogún oko ni. Olórí wọn jẹ́ ará Akparé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ ìdajì ìlú ní ìwé kíkà tó sì na ìdajì tó kù. Bàbá Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é.

Ní ìdánrawò àkọ́kọ́ tí mo darí, nígbà tó kan báàsì láti wọlé, mo na ọwọ́ òsì sí wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àtẹ́lẹwọ́ sókè, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Kò sí ohùn. Mo rò pé wọn kò gbọ́ dùùrù ni. A tún un bẹ̀rẹ̀, mo tún na òsì. Àwọn ọkùnrin mẹ́jọ wò mí bí ẹni ń wo ajá tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Bàbá Tíṣà pa ìwé orin rẹ̀ dé, ó sì gbé e lé itan.

“Ọmọ mi,” ó ní, “ní ilẹ̀ tí o ti ń bọ̀ yìí, ṣé àwọn àgbà wà níbẹ̀?”

Mo ní wọ́n wà.

“Ọwọ́ òsì ni ẹ fi ń pè wọ́n?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé nínú orin, òsì ni ọkàn. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

“A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ìwọ kò tilẹ̀ júwe ilé. Bàbá fúnra rẹ̀ lo nà án sí.”

Wọn kò kọrin ní ọ̀sẹ̀ yẹn, wọn kò kọrin ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọn kì í pa ìsìn jẹ o. Wọn yóò wá, wọn yóò jókòó, wọn yóò pa ẹnu dé. Fadá tó wà nígbà náà, òyìnbó, ní ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, kí wọ́n ṣáà sún sí apá ọ̀tún. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá yóò bá wọn gbé àga náà, àti bóyá yóò tún bá wọn gbé ibojì àwọn tó gé igi rẹ̀. Fadá ní òun kò sọ nǹkan kan. Mo lọ bẹ̀ wọ́n nílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta, mo fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn, mo fi ọ̀tún nìkan darí, àwọn báàsì sì kọrin débi pé gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Báyìí ni ọwọ́ tó mọ̀wé jù lára mi ṣe fẹ̀yìn tì nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, láì sí àsè ìdágbére.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó gbayì. Àlejò kan láti Lomé rí mi ní ọjọ́ Àjíǹde, ó ní òun kò rí irú ìdúró bẹ́ẹ̀ rí, pé ó jọ ti àwọn ọ̀gá àtijọ́. Adarí akọrin ti Agbonou, nítòsí wa, wá wò mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó padà délé, òun náà fi òsì sẹ́yìn. Kí ọdún mélòó kan tó kọjá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí adarí kan ní agbègbè wa tó ń lo ọwọ́ méjì. Wọ́n tilẹ̀ ń sọ fún àwọn akọ́ṣẹ́ pé ẹni tó bá gbé òsì sókè kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin. Bí ìmọ̀ ṣe ń tàn kálẹ̀ nìyẹn. N kò sọ òtítọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mẹ́tírì ni wọ́n ń pè mí, bí a ti ń pe olùkọ́ àti ọ̀gá lọ́dọ̀ wa. Ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ bọ́ irú adé bẹ́ẹ̀ kúrò lórí?

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìjọ wa fẹ́ ṣe àjọ̀dún. Fadá tí a ní báyìí jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí tèmi, ìgboyà rẹ̀ sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní opẹ́rà ni a ó ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ ọ̀kan pamọ́ sínú àpótí, ní èdè Ifẹ̀ tí àwa ará Atakpamé ń sọ, lórí wòlíì tó sá fún iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an, tí ẹja ńlá sì gbé e mì. Fadá kọ̀wé sí ìyáàfin kan ní Lomé, tó ń kó àwọn olórin jọ láti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ tòótọ́, tí yóò máa lọ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ohun kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ náà kò tíì ní ni adarí. Ó fèsì pé òun yóò kó àwọn olórin òun wá bá wa ṣeré, òun yóò sì fi ojú òun rí Mẹ́tírì tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí iṣẹ́ mi bá tẹ́ òun lọ́rùn, èmi ni ẹgbẹ́ náà yóò gbà.

Mo kúnlẹ̀ ní ọjọ́ tí mo gbọ́. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ní ọjọ́ orí yẹn, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbàdúrà nípa ẹ̀jẹ̀ ríru.

Wọ́n dé nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá, ènìyàn méjìlá, pẹ̀lú fèrè, pẹ̀lú àwọn gòjé òyìnbó tí wọ́n ń pè ní fíólọ́ọ̀nù, àti gòjé ńlá kan tó gba àyè ènìyàn méjì nínú ọkọ̀. A tò wọ́n sí apá ọ̀tún mi, níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹni tó lè gbé àga tíìkì kúrò ní apá òsì. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí a fi dé inú ẹja. Níbẹ̀, gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ dákẹ́. Fíólọ́ọ̀nù yóò máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí omi, àwọn báàsì yóò sì wọlé ní ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú ohùn kan ṣoṣo tó gùn, bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Bí ọ̀tún mi kò bá sí níwájú àwọn ará Lomé, wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Bí mo bá sì gbé e kúrò lọ́dọ̀ wọn láti fi pe àwọn báàsì, fíólọ́ọ̀nù á túká bí adìyẹ tó rí àṣá. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló dàrú.

Ìyáàfin náà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Faransé ló ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú àánú. Ó béèrè ohun tó ṣe ọwọ́ òsì mi.

Kí ni kí n wí? Kí n sọ fún obìnrin tó lo ọdún mẹ́jọ nílé ẹ̀kọ́ orin lókè òkun pé bàbá mẹ́jọ ló ti ọwọ́ mi mọ́lé? Mo ní làkúrègbé ni.

Ó káàánú mi púpọ̀. Ó mú ìpara kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó ní kí n máa fi ra á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀:

“Mẹ́tírì, ọwọ́ kan kò lè darí ẹgbẹ́ olórin. Bó bá sàn kí ọjọ́ náà tó pé, inú mi yóò dùn. Bí kò bá sàn, ohun tí mo bá rí ni mo máa sọ fún wọn ní Lomé.”

Mo lọ jẹ́wọ́ irọ́ náà fún fadá kí ojúmọ́ mìíràn tó mọ́. Ó béèrè bóyá mo ti sọ òtítọ́ fún ìyáàfin náà. Mo ní mo máa sọ ọ́ lẹ́yìn opẹ́rà. Ó mí kanlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ní kí n lọ ka Rosárì mẹ́ta. Ṣùgbọ́n irọ́ ti jáde nílé ṣáájú mi. Obìnrin kan nínú akọrin gbọ́ ọ̀rọ̀ làkúrègbé, ó sọ fún olórí àwọn sopránò, ìyẹn àwọn obìnrin olóhùn òkè. Ìyá yìí ń yan búrẹ́dì ní Agbonou, ẹgbẹ́ ìyá mi ni, a sì ń pè é ní Màmá Sopránò. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó ka ọjọ́ lórí ìka, ó rí i pé ó ku mẹ́sàn-án, ó sì kéde àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án fún ọwọ́ òsì Mẹ́tírì.

Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, obìnrin mẹ́rìnlá ló ń wà lórí eékún níwájú ère Màríà. Àwọn mìíràn ti oko bọ̀, ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Èmi náà máa ń kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn, nítorí kò yẹ kí ènìyàn jókòó nígbà tí wọ́n ń bá a bẹ Ọlọ́run. Wọ́n dárúkọ apá náà láti èjìká dé èékánná, wọn kò fo oríkèé kankan. Bí apá náà bá dùn mí rárá ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìtìjú ló fà á.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gun zémì, alùpùpù akérò, lọ sí Akparé láti lọ bẹ Bàbá Tíṣà. Mo bá a níwájú ilé, ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ po: òjò, òwú, ọ̀nà tí kò dára. Bàbá jẹ́ kí n yí i tó, ó wá béèrè ẹni tó kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo wá là á sílẹ̀: Lomé, inú ẹja, iṣẹ́ tí mo ti ń tọrọ láti ọjọ́ yìí. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbà mí láyè láti lo òsì lẹ́ẹ̀kan péré, àtẹ́lẹwọ́ sókè, kò ní pẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ dáwọ́ ẹ̀wà dúró.

“Òsì wo?” ni Bàbá béèrè.

“Òsì mi, Bàbá. Èyí tí mo fi sẹ́yìn láti ọjọ́ tí ẹ ti bá mi wí.”

“O ṣì ń fi í sẹ́yìn?”

Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. “Bàbá, ẹ̀yin náà kúkú ń rí mi.”

“Ọmọ mi,” ó ní, “ọdún karùn-ún rèé tí n kò rí ẹnikẹ́ni.”

Ó ti sùn nínú Olúwa báyìí, nínú àsìkò ààwẹ̀ tó kọjá, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní bí ìkùukùu ló ṣe bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìkùukùu náà di ògiri. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ìyàwó rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, wọn yóò ní kó lọ jókòó pẹ̀lú àwọn aláìsàn láàárín ìjọ, àga bàbá rẹ̀ yóò sì di ti ẹlòmíràn. Mo béèrè bó ṣe ń mọ ìgbà tí mo bá pè wọ́n. Ó ní èmi a máa fa èémí sínú bí alágbàṣe tó fẹ́ gbé àpò àgbàdo, pé adití nìkan ni kò ní gbọ́ ọ. Èmi tí mo ti ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀dọ́! Ẹ wo Bàbá, mo máa ń wí, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ìwé.

“Lọ́jọ́ Kérésì,” ni ìyàwó rẹ̀ sọ, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀, “ó dorí ìwé náà kodò láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin. Ẹ̀yin sì dìde, ẹ yìn ín.”

Bàbá ní ọwọ́ tó bá wù mí ni kí n lò. Ó ní èmi kọ́ ni àwọn báàsì yòókù ń wò, òun ni. Bí òun bá mí, wọ́n á mí. “Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni,” ó ní, “mo ti mọ ẹni tó sọ ọ́.” Mo ṣèlérí.

Mo ṣírò rẹ̀ lórí zémì nígbà tí mo ń bọ̀. Ọdún márùn-ún gbáko ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún ojú tí kò rí mi. Nígbà tí mo délé, mo dúró síwájú dígí, mo mú ọwọ́ òsì jáde, mo ní kó pe báàsì. Kò rántí nǹkan kan mọ́. Mo ní kó rọra. Ó ń gbọ̀n. Mo ní kó bẹ̀bẹ̀; ó ń lé eṣinṣin. Mo fi ọjọ́ méjì kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ àgbàlagbà ní álífábẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ náà pé. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni, ọjọ́ kẹsàn-án àdúrà. Bíṣọ́ọ̀bù jókòó níwájú, àwọn èrò láti Datcha, Akparé àti Agbonou kún inú ṣọ́ọ̀ṣì dé ẹnu ọ̀nà. Ìyáàfin Lomé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan, ìwé pélébé lórí itan. Ìjì ojú òkun lọ dáadáa. Wọ́n ju wòlíì sínú omi, ẹja tí a fi bébà àti ọparun ṣe gbé e mì, gbogbo ilé sì dákẹ́ bí mo ṣe fẹ́. Fíólọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí omi. Ọ̀tún mi ń ka ìwọ̀n fún wọn. Mo fa èémí, mo sì rọra gbé ọwọ́ òsì jáde láti ẹ̀yìn, àtẹ́lẹwọ́ sókè, sí apá àga tíìkì.

Mo ti ro gbogbo nǹkan tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn báàsì. N kò ro ti àwọn sopránò.

Màmá Sopránò rí ọwọ́ náà. Ó rí i pé ó ń lọ sókè, ó rí i pé ó ń gbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sàn ṣe máa ń gbọ̀n. Ó sọ ìwé orin kalẹ̀, ó sì ké Àlelúyà. Àwọn mẹ́tàlá yòókù wo ibi tó ń wò, wọ́n sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Láàárín ìjọ, gbogbo ẹni tó ti gbọ́ nípa làkúrègbé Mẹ́tírì dìde dúró. Ìhó ayọ̀ sọ. Ẹnì kan tẹ́ aṣọ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ síwájú mi kí n lè máa tẹ̀ ẹ́. Fíólọ́ọ̀nù ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wòlíì fúnra rẹ̀, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, yọ orí jáde ní ẹnu ẹja láti wá wo iṣẹ́ ìyanu.

Èmi dúró, ọwọ́ sókè. Bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọn yóò rò pé àìsàn ti padà dé. Bí mo bá gbé e sókè sí i, ìhó á pọ̀ sí i. Mo gbìyànjú méjèèjì, ohun tí mo sọ ló sì ṣẹlẹ̀.

Nígbà náà ni mo wá gbọ́ ohùn kan nísàlẹ̀ gbogbo ariwo yẹn. Àwọn báàsì ti wọlé. Bàbá Tíṣà gbọ́ èémí mi, ó wọlé lásìkò, kò sì rí iṣẹ́ ìyanu kankan tí yóò mú un dákẹ́. Àwọn méje yòókù wò ó, wọ́n rí i pé kò dúró, àwọn náà kò dúró. Wọ́n ń pín èémí láàárín ara wọn, ọ̀kan ń mí, àwọn yòókù ń fa ohùn náà lọ. Ó pẹ́ kí àwọn obìnrin tó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ. Ojú tì wọ́n díẹ̀, wọ́n mú ìwé wọn nílẹ̀. Fíólọ́ọ̀nù kan gbọ́ ọ, ó wọlé sórí rẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e. Wòlíì padà sínú ẹja. N kò pe ẹnikẹ́ni nínú wọn. Mo dúró pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí aṣọ́komásùn tí àgbẹ̀ gbé sáàárín oko, orin náà sì lọ yí mi ká títí dé òpin. N kò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Bíṣọ́ọ̀bù nu ojú rẹ̀.

Ìyáàfin náà bá mi lẹ́yìn ilé ìwọṣọ àlùfáà. Ó ní òun bá mi yọ̀ nítorí ọwọ́ mi tó sàn. Lẹ́yìn náà, ó wò mí.

“Ẹgbẹ́ yín ní adarí, Mẹ́tírì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ kì í wò wọ́n. Ọwọ́ yín ni ẹ ń wò.”

Ó fi kún un pé opẹ́rà náà dára gan-an, kí n má ṣe jù ú nù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lẹ́tà dé láti Lomé: wọ́n ti rí adarí, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́, ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ pé. Fadá ló kà á fún mi, nítorí n kò rí awò ojú mi. Mo dúpẹ́. Mo ti bẹ Ọlọ́run fún ọdún gbọọrọ pé kó jẹ́ kí ẹgbẹ́ olórin wá síwájú mi, ó sì jẹ́ kí wọ́n wá. N kò rántí láti bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n dúró.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àwọn sopránò mú búrẹ́dì wá síwájú pẹpẹ fún ìdúpẹ́ ọwọ́ Mẹ́tírì, wọ́n sì ní kí n wá jẹ́rìí. Fadá, tó ti mọ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé tí kò sì lè sọ ọ́, wò mí bí ẹni tí wọ́n fi ẹran sí lẹ́nu tí wọ́n ní kó má jẹ ẹ́. Mo bọ́ síwájú. Mo sọ fún wọn pé apá náà kò ṣàìsàn rí. Mo ní ìtìjú ló mú mi purọ́ fún àlejò, n kò sì ní ìgboyà láti dá àdúrà wọn dúró. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan lẹ́yìn sọ pé ẹ rí i bí Mẹ́tírì ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Màmá Sopránò kò pàtẹ́wọ́. Ó dúró dè mí nínú àgbàlá lẹ́yìn ìsìn, apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ọjọ́ mẹ́sàn-án,” ó ní. “Lórí orúnkún tèmi yìí.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ débi pé àwọn tó ń kọjá ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tó, ó wá ní àdúrà kì í ṣòfò, kí n ṣáà mú ẹni tó ṣàìsàn lóòótọ́ wá, kí àwọn yí àdúrà náà sórí rẹ̀. Mo rí àyè kan níbẹ̀. Mo ní ẹnì kan wà tí n kò lè dárúkọ. Ó béèrè ohun tó ń ṣe é. Mo ní ojú ni, àti pé kò gbọ́dọ̀ bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí mo ti ṣèlérí.

“Ta lo rò pé ó ń tẹ̀ ẹ́ lórúnkún bí ó bá tó àkókò láti ṣí ìwé?” ó béèrè. “Ta lo rò pé ó ń mú un dé iwájú pẹpẹ? Fadá fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, kó má baà kọsẹ̀.”

Mo ní n kò mọ̀ pé wọ́n mọ̀.

“Gbogbo wa la mọ̀, láti ọdún àkọ́kọ́. Bàbá nìkan ni kò mọ̀ pé a mọ̀.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. “A rò pé ìwọ lo ń bò ó láṣìírí ni, Mẹ́tírì. Ìwọ lo kọjú sí wa.”